Ẹsẹ̀ Ọmọ Tuntun àti Yorùbá Ẹnu Wa

Bí ẹni tó dàgbà sí Òkè Ọya bá dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ yìí, tí ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rín á sọ. Wọn á ní kò sí Yorùbá lórí rẹ̀.

Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé orí ènìyàn dà bí kọ̀ǹpútà: ohun tí a kò bá kó sí i, kò lè sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1995, Tim van Gelder kọ̀wé pé ọkàn ènìyàn lè dà bí ohun èlò tí James Watt fi ń ṣàkóso eré ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi. Ohun èlò náà kì í ṣírò ohunkóhun. Bí eré bá pọ̀, irin rẹ̀ méjì á gbéra sókè, ooru á dínkù. Bí eré bá dínkù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, ooru á pọ̀. Ẹ̀rọ ń darí irin, irin ń darí ẹ̀rọ, nígbà kan náà.

Ti Esther Thelen ní Amẹ́ríkà ló wọ̀ wá lọ́kàn jù. Bí a bá gbé ọmọ tuntun dúró, á máa gbẹ́sẹ̀ bí ẹni ń rìn. Tó bá tó bí oṣù méjì, kì í ṣe é mọ́. Àwọn àgbà onímọ̀ ní ọpọlọ tó ń dàgbà ló pa á rẹ́. Ní 1984, Thelen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ki ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ bọ omi: ìgbésẹ̀ pọ̀ sí i. Wọ́n so ẹrù díẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ wọn: ìgbésẹ̀ dínkù. Ìgbésẹ̀ kò kúrò lára ọmọ. Ẹsẹ̀ ló wúwo ju agbára iṣan lọ.

A kò sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ èdè. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a tó ní nǹkan kò sí lórí ẹnìkan, ká kọ́kọ́ wo ibi tí a gbé e dúró sí. Ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá geere nílé, tó wá yadi níwájú wa, ẹ̀rín wa ni ẹrù tí a so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan á ní bí a kò bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, èdè á bàjẹ́. Rárá o. Ẹni tó dákẹ́ kò ní àṣìṣe tí a lè tún ṣe. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ parí, ká tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ tọ́ ọ sọ́nà. Ẹgbẹ́ Yorùbá ló yẹ kó jẹ́ omi fún ọmọ Yorùbá.