Kí Ìwé Ìròyìn Wa Ní Ilé Tirẹ̀

Sábón Gàrí ní Kánò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Inú ìwé ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bóyá ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi nígbà tí mo ka ìwé ìròyìn wa ti ọdún tó kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tó yẹ kí a ti rí "ẹ", "áº¹" ni mo rí. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, òun nìkan ló sì mọ páàsìwọ́ọ̀dù. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni.

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń pín kọ̀ǹpútà ńlá sí wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní virtual machine. Ayálégbé ṣì ni wá níbẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ wa.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ àwọn ọmọ Kọ̀ǹpútà Sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ẹ̀kọ́ Ìtàn ni èmi ń kọ́, mo sì ṣe é. Mo yan Ubuntu, mo fi ssh wọlé, mo tẹ "sudo apt update", lẹ́yìn náà "sudo apt install nginx". Ọ̀fẹ́ ni Nginx. Igor Sysoev, ará Rọ́ṣíà, ló gbé e jáde ní 2004. Mo gbé ojú ìwé mi sínú /var/www/html, síbẹ̀ n kò rí nǹkan kan. Odidi òru kan ni mo fi wá ìdí rẹ̀! Àṣé ilẹ̀kùn méjì ló wà: mo ti ṣí ẹnu ọ̀nà 80 lórí kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n ti ilé-iṣẹ́ tó háyà rẹ̀ fún mi ṣì wà ní títì. Ẹ ṣí 443 pẹ̀lú, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ààbò ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt.

Ìlà kan péré ló tún àmì ohùn wa ṣe: "charset utf-8;". Gbogbo ẹ, ọ àti ṣ yọ kedere.

Ọ̀rọ̀ owó le díẹ̀, torí dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Kí akọ̀wé àti akápò jọ mú kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n máa fà á lé àwọn tó bá gba ipò lọ́wọ́. Mo ṣe tán láti fi hàn wọ́n ní Sátidé tí wọ́n bá yàn.