Kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ ni Fífi Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ni

Ohun méjì ni àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wa pò mọ́ ara wọn, àdàpọ̀ náà sì ń ṣe àwọn ọmọ wa léṣe. Èkíní ni kí a kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní ohun gbogbo. N kò lòdì sí èkíní rárá. Èkejì ni mo dojú ìjà kọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní Ìsẹ́yìn ti gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Ó lè pàlọ́, ó lè ṣàwíjàre; bí a bá rán an lọ ra iyọ̀, yóò mú ṣéńjì bọ̀ láìdín kọ́bọ̀. Èdè àjèjì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún un. Síbẹ̀, olùkọ́ yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò fi èdè tí ọmọ náà kò gbọ́ ṣàlàyé ìṣirò tí kò tíì mọ̀. Bí ó bá gba òdo, a ó ní olódo ni. Ta ni ó mọ̀ bóyá ìṣirò ni kò yé e, tàbí èdè?

Bí a bá gbà pé èdè àjèjì ni, kí a kọ́ ọ bí èdè àjèjì. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ yóò mọ̀ pé "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko, nítorí náà ọmọ lè pe ìyá rẹ̀ ní "he". Yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. Yóò mọ ìdí tí "bread" fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin, eré àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìwé kíkà: ọmọ tí ó ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń di ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá kò ní í kọ́ ọgbọ́n náà lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà lára iṣẹ́ wọn, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Ọ̀wọ́ kejì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni ó ta èkejì yọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kí ni a wá fi ìmọ̀ yìí ṣe? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní àwọn ọmọ ibi tí a ti ń lo èdè abínibí ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 2022 kò lè ṣe WAEC ṣáájú 2034. Báwo ni òfin ọlọ́dún mẹ́ta ṣe ba ìdánwò àwọn tí wọ́n ti jáde ìwé mẹ́fà kí a tó ṣe é? Bí ó bá tilẹ̀ ní àléébù, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo gbà pé Èkó, níbi tí ọmọ elédè púpọ̀ ti ń jókòó ní kíláàsì kan, nílò ètò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí Èkó gba èdè lẹ́nu ọmọ Ìsẹ́yìn. Mo sì mọ ohun tí òbí ń rò: Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà oúnjẹ. Òótọ́ ni, òótọ́ náà gan-an ni ó sì ń bí mi nínú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó sọ Yorùbá kò fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdákẹ́ ni ó fún un.

Ẹ fún ọmọ ní olùkọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní àsìkò tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìyókù.