Ta Ni Yóò Gbé Kíríkẹ́ẹ̀tì Dé Òkè-Ògùn?

Lọ́jọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Selim Salau fi báàtì dárà fún Nàìjíríà nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù 53 péré ló kojú, ráàn 112 ló fi kó. Nàìjíríà kó 271 lápapọ̀. Nígbà tó kan Côte d'Ivoire, ráàn méje ni gbogbo ikọ̀ wọn rí kó kí wọ́n tó lé wọn jáde tán. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ikọ̀ orílẹ̀-èdè àwọn ọkùnrin kankan tó kó iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje T20, irú kíríkẹ́ẹ̀tì tó kúrú.

Ká ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn l'Ókè-Ògùn gbọ́ ìròyìn yìí, tí ọkàn rẹ̀ fà sí i, ta ni yóò kọ́ ọ? Ọdún 1904 ni Èkó àti Gold Coast ti kọ́kọ́ kojú ara wọn nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún, síbẹ̀ eré náà kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìgboro ńláńlá àti ilé ẹ̀kọ́ olórúkọ, irú King's College l'Ékòó àti Government College n'Íbàdàn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nínú eré yìí, ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù ni tirẹ̀ le jù. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè gbá pẹnáátì sójú ọ̀run, kó sì tún gbá góòlù wọlé kí eré tó parí. Ti báàtì kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i lè wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tán nìyẹn. Yóò tú páàdì ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò jókòó máa wo àwọn yòókù. Bí ẹ̀bùn rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó, àfi kó kùnà lónìí, kó sì tún ráyè gbé báàtì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tó lè mọ eré náà dáadáa.

Ẹ wo Amol Muzumdar ní Íńdíà. Ọmọ ọdún 13 ni lọ́dún 1988, nígbà tí Sachin Tendulkar àti Vinod Kambli wọlé lu bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí wọn kò jáde mọ́ títí wọ́n fi kó ráàn 664. Òun ló kàn. Ó de páàdì mọ́ ẹsẹ̀, ó jókòó títí, kò ríbi wọlé. Lọ́dún 1994, ó kó 260 nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Bombay (Mumbai). Nǹkan bí ogún ọdún ló fi gbá a fún Mumbai, Assam àti Andhra, ráàn rẹ̀ sì lé ní 11,000. Kò wọ ikọ̀ àgbà Íńdíà rárá. Àmọ́ ìdíje Ranji láàárín àwọn ìpínlẹ̀, tó ti wà láti ọdún 1934, fún un láàyè láti kùnà, kó sì tún dìde. Òun náà ló wá kọ́ àwọn obìnrin Íńdíà tó gba ife àgbáyé lọ́jọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2025.

Níbí ńkọ́? National Sports Festival, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973, ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣeré fún ìpínlẹ̀ ń fojú sọ́nà fún. Ọdún méjì méjì ló yẹ kó máa wáyé, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí Ẹ̀dó gbàlejò rẹ̀ ní 2020, oṣù Kẹrin 2021 ló tó bọ́ sí i. Ọmọ tí wọ́n bá lé jáde ní bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìgbà wo ni yóò tún gbé báàtì?

Ẹ̀bùn kì í ṣe ìṣòro wa. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju 19 lọ fi ráàn méjì na New Zealand ní ife àgbáyé ní Malaysia.

Ìdíje lóòrèkóòrè ni àwọn ọmọ nílò, ó sì yẹ kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì gùn. Yangí ni wàhálà: bọ́ọ̀lù líle tó bá balẹ̀ lórí òkúta lè ta sókè gba ọmọ lágbọ̀n. Kọnkéré tí gígùn rẹ̀ tó mítà 20, tí wọ́n tẹ́ ẹní lé, ni oògùn rẹ̀. Kí wọ́n ṣe ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, òmíràn ní Ṣakí, ẹ̀kẹta ní Kíṣí, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bá ara wọn gbá a ní Sátidé láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Olùkọ́ kò sì jìnnà. Ìsẹ́yìn ni ibùdó àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ náà wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ láti Ẹ̀dó, Èkó àti Kàdúná ń gbà wọlé. Kí ìjọba béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ti mú báàtì rí, kó sì bẹ àjọ NYSC kó fi irú wọn sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí.