Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Fọwọ́ Kan Amọ̀

Ìjà ni mo gbé wá sínú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí, n kò sì ní í bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi kéré jù fún ìwé ẹgbẹ́ tí ó wà ní yunifásítì, kí ó fara balẹ̀ kà á tán kí ó tó jù ú sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó já láti ojú ọ̀run sínú kíláàsì yunifásítì.

Ní ọdún tí ó kọjá, ní àkókò òjò, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rán mi pé kí n lọ mú ọmọ rẹ̀ wá láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. N kò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe ohun tí mo fẹ́ wí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá àwọn ọmọ tí wọ́n tó ọgbọ̀n, wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tí a gbé kọ́ ara ògiri. Àwòrán àwọn ọmọ òyìnbó tí ń fi yìnyín mọ ère ènìyàn ni ó ń lọ níbẹ̀. Ẹ sáà wo ọ̀ràn náà: ọmọ òyìnbó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ nǹkan, ọmọ Ìbàdàn káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Olùkọ́ wọn jókòó lẹ́yìn, ó ń tẹ fóònù tirẹ̀.

Ọmọ tiwa kò sí láàrin wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i, lẹ́bàá ojú àgbàrá, ó ti fi amọ̀ pupa mọ ewúrẹ́ kan àti ọmọ ewúrẹ́ méjì, ó sì fi igi ìṣáná ṣe ìwo fún ìyá wọn. Ó ń dá sọ̀rọ̀. Mo rọra dúró, mo fetí sílẹ̀. Ìyá ewúrẹ́ ni ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dé ìdí èlùbọ́ tí aládùúgbò sá sóòrùn, nítorí pé bí òun bá gbọ́ ẹjọ́ wọn, kò sí oúnjẹ alẹ́; àti pé èyí ẹ̀gbọ́n ni kí ó máa ṣọ́ àbúrò. Kí n tó lè sọ pé ó káre, olùkọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó pariwo lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìdọ̀tí ni èyí, ó fi bàtà tẹ ìyá ewúrẹ́ tọmọtọmọ, ó fa ọmọ lọ síbi omi, ó sì tún bá a wí pé kí ni ó ń sọ Yorùbá sí ní ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, ó mú un lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó fún mi ní àga, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ni tiwa, a ti kọjá amọ̀. Láti sáà tí ń bọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò ní tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.” Ó fi ìwé owó hàn mí. Owó tábúlẹ́ẹ̀tì náà ju owó oúnjẹ ọmọ fún odindi sáà kan lọ. Mo ní: “Mà, kí ni àwọn ọmọ yóò máa fi í ṣe?” Ó ní bí ọmọ bá fi ìka kan lẹ́tà A, ẹ̀rọ yóò wí pé “apple”. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú ọmọ, a jáde. Títí a fi dé Mọ́kọ́lá ni ó ń sunkún ìyá ewúrẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí pè mí ní ọ̀tá ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ni mo fi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ìlú Ìbàdàn yìí náà ni a sì ti dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1959, kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ní lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ ran olùkọ́ lọ́wọ́. Wọn kò sọ pé kí olùkọ́ lọ sùn.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni ó tilẹ̀ dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ná. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Fröbel ni. Ní ọdún 1837 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Blankenburg, nígbà tí ó sì di 1840, ó sọ ibẹ̀ ní “ọgbà àwọn ọmọdé”. Ohun tí ó kó fún àwọn ọmọ náà ni bọ́ọ̀lù olówùú aláwọ̀ mẹ́fà, igi róbótó, igi onígun mẹ́rin tí a lè tú palẹ̀ kí a sì tún tò, bébà tí wọn yóò ṣẹ́ po, àti amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, amọ̀! Ìjọba Prussia fi òfin de ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1851, ọkùnrin náà kú ní ọdún kejì, òfin náà ṣì wà títí di 1860. Ó dàbí ẹni pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn aláṣẹ bí wọ́n bá rí ọmọdé tí ń ṣe ohun tí kò sí ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀ fún un. Dókítà obìnrin ará Ítálì nì, Maria Montessori, tí ó ṣí ilé àwọn ọmọdé tirẹ̀ ní Róòmù ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó fi kọ́ wọn ní ìṣirò, lẹ́tà tí ó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́ ni ó sì ní kí wọ́n máa fi ìka tọ̀. Ẹ wá ká iye pátákó tí orúkọ obìnrin yìí wà lára rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn, kí ẹ sì wọlé lọ wo ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a ń tà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà níta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, ẹ bá mi wo orúkọ tí àwa fún un ná. Jẹ́lé-ó-sinmi! A kò sọ ọ́ ní ọgbà, a kò sọ ọ́ ní ilé eré. Kí ilé lè sinmi ariwo ọmọ ni a ṣe ń gbé e lọ. Ó yá mi lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ní ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n wá wọ inú rẹ̀ yìí, mo rí i pé orúkọ ti yí: jẹ́-olùkọ́-ó-sinmi ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni gbọ́ ẹjọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ayé ti lọ, pé ọmọ tí kò bá tètè mọ ẹ̀rọ yóò rẹ̀yìn. Èsì mi nìyí. Ìyá mi tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún kọ́ fífi ìka yí ojú fóònù láàrin ọjọ́ méjì. Kò sí ohun tí ó le níbẹ̀ tí a fi ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohun tí ó ń pẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ni bí a ṣe ń rò ó, bí a ṣe ń béèrè, bí ọwọ́ ṣe ń gbọ́ràn sí ojú lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní ọdún 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ jókòó ti ojú ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, pé bí kò bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó dára jù. Ìjọba Sweden fi ẹ̀rọ sínú ètò ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wọn ní 2018. Nígbà tí ó di 2023, ìjọba tí ó wà níbẹ̀ yí ohùn padà, wọ́n ní kí wọ́n dá ìwé padà sọ́wọ́ ọmọdé. Ohun tí àwọn ẹni orí rẹ̀ ń rò padà lọ́hùn-ún, òun ni àwa ń fi owó oúnjẹ ọmọ rà níhìn-ín.

Àti pé ta ni ó sọ pé ọmọ wa kò mọ ẹ̀rọ? Èyí tí ó fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, tí ó gé sílípáàsì tí ó já ṣe táyà, tí ó lu ìdérí ìgò ní ihò ṣe iná iwájú, tí ó wá rí i pé mọ́tò òun ń fì sí apá kan, tí ó sì tú ẹsẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ láti tún un tò, kí ni ẹ ń pe ohun tí ó ń ṣe? Bí ó bá jẹ́ pé ní Jámánì ni ó ti ṣe é, a ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ gígùn kan, a ó sì gba owó lórí rẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó tì wá níbi ọpọ́n ayò, tí ó ń ká ihò méjìlá àti ọmọ ayò 48, tí ó ń rò ó bí ta ni yóò jẹ bí òun bá gbọ́n èyí, ìṣirò ni ó ń ṣe láìsí ẹkún. Gbogbo èyí ni a ti kó dà nù bí eré ará oko.

Mo ti rí i tí a fi ẹ̀rọ ṣe é dáadáa, nítorí náà n kò lè gbà pé kò ṣeé ṣe. Ọmọbìnrin kan tí ó ti ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa rí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú kékeré kan lápá Ọ̀yọ́. Fóònù tirẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni ó sì ti ń fi iná sí i lára. Ó pe ìyá àgbà kan wá pa àlọ́ ìjàpá fún wọn, ó gba ohùn ìyá náà sínú fóònù. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ fi amọ̀ mọ ìjàpá, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe igbó. Wọ́n gbé ìjàpá síwájú díẹ̀, wọ́n ya àwòrán. Wọ́n tún sún un díẹ̀, wọ́n tún yà á. Nígbà tí olùkọ́ wọn so gbogbo àwòrán náà pọ̀, ìjàpá rìn! Ariwo tí ó sọ nínú kíláàsì náà mú kí ọ̀gá àgbà sáré wá wò bóyá ejò ni ó wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá béèrè pé kí ló dé tí ìjàpá ń ta kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì dáhùn pé wọ́n sún un jìnnà jù. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Tufts àti MIT ní Amẹ́ríkà gbé ScratchJr jáde ní 2014 fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, kí ọmọ lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì dá ìtàn tirẹ̀, kí ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ń wí pé “apple” ni àwa fi owó rà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ya ọ̀ràn èdè kúrò nínú èyí. Ìyá ewúrẹ́ kò lè kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní èdè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbọ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan láàrin ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 gba èdè abínibí láàyè fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó dé ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Mo retí kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa pariwo. Ìpàdé ni wọ́n ṣe, wọ́n jẹ mínírá àti mítípáì, wọ́n túká.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ilé yín kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Kí ló dé tí kò fi sí ẹni tí ó bá wa ṣe ẹ̀rọ tí yóò mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ àti ọkọ́, tí ọmọ yóò fi lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀ nínú rẹ̀, tí yóò sì fi ohùn tirẹ̀ dá a lóhùn? Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó bá àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bàtà ta ni yóò wà lẹ́sẹ̀ yín ní ọjọ́ tí ẹ bá rí ewúrẹ́ alámọ̀ nílẹ̀?

Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀, mo sì ti gba àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdánwò, n ó gbé garawa amọ̀ méjì lọ síbẹ̀, fóònù kan, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gbé àwòrán sára ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni, kí ó wọ aṣọ tí kò bẹ̀rù ìdọ̀tí.