Ẹ Yẹ Òṣùwọ̀n Náà Wò

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ iṣẹ́ tí ó yẹ wọ́n, wọ́n sì ń gba èsì rẹ̀ bí àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì. A kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ òṣùwọ̀n náà wò.

Bí a bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé èsì kan náà ni yóò mú wá? Ṣé ohun tí ó ní òun ń wọ̀n ni ó ń wọ̀n lóòótọ́? Kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú a máa wọn iye kan náà lójoojúmọ́. Síbẹ̀ èké ni.

Interest Profiler ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí a gbé ka ẹ̀yà mẹ́fà tí John Holland là sílẹ̀, ní àkọsílẹ̀ bí a ṣe dán an wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n C. G. M. Bakare ti Ìbàdàn ṣe ti Nàìjíríà jáde ní 1977. Èyí tí kò bá sọ ẹni tí ó ṣe é, eré lásán ni.

Ìfẹ́ ni gbogbo wọn ń wọ̀n, kì í ṣe òye. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe dókítà ṣì ní láti mọ kẹ́mísírì. Kí ọmọ mú èsì náà tọ òbí àti olùkọ́ lọ, kí ó tó yan ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe ní WAEC.