Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Idigny bi ilẹ̀ léèrè

Bí òjò bá rọ̀ tán ní Idigny, tí àgbàrá sì fọ ojú ọ̀nà oko, àpáàdì a máa yọrí láti inú ilẹ̀ pupa. Àwọn ọmọ tí ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ á ṣà á, wọn á fi ṣeré, wọn á sì jù ú nù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n jù sínú igbó yẹn lè ti wà ṣáájú baba ńlá wọn. Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń wo àkísà àgbà, kí ó lè mọ irú aṣọ tí ó jẹ́ nígbà kan rí?

Ohun tí Idigny nílò ni ẹgbẹ́ ọmọdé kan tí yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wádìí ìtàn, ní ọjọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́, lábẹ́ ojú àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láyé. Láti ọdún 1972 ni irú rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ mọ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Ohun èlò tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ, bí ògiri àtijọ́, yàrà àti àwókù ìkòkò, kò wọ́n ní ilẹ̀ Kétu.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ìtàn Kétu ní. Ẹnu ni èkínní. Ẹnu ni ó sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn tí ó tẹ Kétu dó ti ṣẹ̀ wá, àti pé ọ̀dọ̀ obìnrin arúgbó kan ni wọ́n ti gba iná tí wọ́n kọ́kọ́ dá níbẹ̀. Ìwé ni èkejì. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther dé Kétu ní 1853, ó sì kọ ìròyìn ìrìn àjò náà sílẹ̀. Geoffrey Parrinder tẹ odindi ìwé jáde lórí ìtàn ìlú náà ní 1956. Ilẹ̀ ni ẹ̀kẹta: yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, àti Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè tí ó dúró títí di òní. Ní 1886, ogun Dàhòmì kó Kétu, wọ́n ba ìlú náà jẹ́, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi di ahoro, kí àwọn tí ó ṣẹ́ kù tó padà wá lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì. Ọmọ tí ó lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní 1789 láìṣi ọ̀rọ̀ kan lè má mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kétu ní 1886.

Nínú àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ ni ó rọrùn jù láti pa lẹ́nu mọ́. Àgbà lè ti sọ fún ọmọ kí ó tó kú. Bí ìwé bá ya, ẹ̀dà rẹ̀ lè wà níbòmíràn. Ilẹ̀ kò ní ẹ̀dà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di ìsinsìnyí. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó sì dá wọn padà sí Ifẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn orí náà wà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dúbúlẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti àwọ̀ erùpẹ̀ tí ó bò wọ́n, kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀ tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdajì ìtàn ti lọ.

Ní orílẹ̀-èdè Benin náà, ní 1998, ẹ̀rọ tí ń ṣe ọ̀nà já sínú ihò kan ní Agongointo, ní Bohicon. Ilé abẹ́ ilẹ̀ ni, tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Nítorí pé iṣẹ́ dúró, tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì débẹ̀, ó ti di ibi tí àwọn àlejò ń wá wò. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ju kí ó gbẹ́ lọ. Ojú tí ó mọ nǹkan ni ó ń dá a dúró. Àwọn tí yóò sì máa wa ẹ̀rọ, tí yóò máa kọ́lé, tí yóò máa gbẹ́ amọ̀ ní Idigny ní ogún ọdún sí i, àwọn ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì lónìí ni.

Kí ni ẹgbẹ́ náà yóò máa ṣe? Kòtò ẹ̀kọ́ ni kí ó ṣáájú. Kí àwọn àgbà gbẹ́ kòtò kan sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, kí ó gùn ní mítà 2, kí ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Kí wọ́n to nǹkan sí i ní ìpele-ìpele, kí àwọ̀ erùpẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Nísàlẹ̀: àpáàdì, èédú àti èèpo ẹ̀kùrọ́. Láàárín: ìlẹ̀kẹ̀, ìṣó tí ó ti dípẹtà àti ẹyọ owó àtijọ́. Lókè: ìdérí ìgò, bátìrì rédíò àti ọ̀rá omi. Àwọn ọmọ á kan èèkàn, wọn á ta okùn láti pín ojú kòtò náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọn á máa fi ṣíbí àti ìgbálẹ̀ kékeré yọ erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn á sì fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀ kí ó tó wọn bí ó ṣe jìn tó, kí ó sì yà á sínú ìwé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn á ti mọ òfin tí gbogbo awalẹ̀pìtàn ń tẹ̀ lé: ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ti ṣáájú ohun tí ó wà lókè, àfi bí òkété tàbí ọkọ́ bá ti da ilẹ̀ náà rú. Ọmọ àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Ohun tí kíkọ ebè iṣu ń ṣe sí ilẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n lọ jókòó ti ìyá tí ń mọ ìkòkò. Kí ó jẹ́ kí wọ́n po amọ̀, kí wọ́n mọ ọ́n, kí wọ́n sì yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù kí ọnà lè hàn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibí yìí ni ìwádìí ti ń dùn. Àgbàdo kì í ṣe irúgbìn Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn Òyìnbó dé ibẹ̀ ní 1492. Àpáàdì tí ó bá ní àpá ṣùkù àgbàdo lára, kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo dé ilẹ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye èyí. Ó mú àwókù kan lọ́wọ́, ó wo àpá ara rẹ̀, ó sì lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ìkòkò yìí kò tíì sí ní 1492, kí ó sì sọ ohun tí ó fi mọ̀. Ọmọ tí ó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní fi ìtàn ṣe àkọ́sórí mọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni ó kàn. Kí àwọn ọmọ méjì-méjì lọ bá àgbà inú ilé wọn, kí wọ́n kí i bí ó ti yẹ, kí wọ́n sì béèrè: ahoro wo ni ìdílé yìí ti ṣí wá? Igi wo ni a fi ń dá ojú ibẹ̀ mọ̀? Èdè tí àgbà fi sọ ọ́ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ. Bí ìtàn agbo ilé méjì kò bá bá ara wọn mu, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀. Báyìí ni kíkọ àti kíkà Yorùbá yóò ṣe ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ọmọ, tí yóò kúrò ní ohun tí a ń fi gé lẹ́tà nìkan.

Èèwọ̀ kan wà tí ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ dà: kò gbọdọ̀ gbẹ́ ahoro gidi, ì báà ṣe ìka kan. Láti 2007 ni òfin orílẹ̀-èdè Benin ti dáàbò bo ogún àṣà, iṣẹ́ àwọn tí ó gba àṣẹ ni gbígbẹ́ ilẹ̀ ìtàn. Bí ọmọ bá rí nǹkan, kí ó fi í sí àyè rẹ̀, kí ó sàmì sí ibẹ̀, kí ó sì pe àgbà.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé ibojì àti ojúbọ kì í ṣe ohun ìṣeré. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí sì nìyẹn tí èèwọ̀ yẹn fi wà, tí ẹgbẹ́ náà kò sì ní lọ síbikíbi láìgba àyè lọ́wọ́ baálẹ̀ àti onílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé sísọ̀rọ̀ 1886 lè tú egbò ká, nígbà tí ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Kétu jọ jókòó sórí àga kan náà. Ẹ̀rù yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a ń sọ ní kọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń di ọ̀bẹ. Ọmọ tí a bá ti kọ́ láti máa béèrè pé, “Kí ni a fi mọ̀?” kò ní gba irọ́ tí ń dá ìjà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ilé rẹ̀ ni ó pa á.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, ohun ọ̀ṣọ́ ọba 26 tí wọ́n kó ní Abomey ti Faransé padà dé, tayọ̀tayọ̀ ni gbogbo ìlú sì fi pàdé wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó lè béèrè ohun rẹ̀ lọ́wọ́ òkèèrè yẹ kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ láti mọ iyì èyí tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀nà oko. Kòtò kan, okùn, ajọ̀, ìwé àti àgbà tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀: Idigny kò ṣaláìní ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí kò sí ìṣáná, àpáàdì ni wọ́n fi ń bu iná láti ilé dé ilé. Àwọn ọmọ ṣì ń gbé e lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ó kù kí àwọn àgbà bu iná sí i.