Ẹ Yé Fi Etí Gbé Ìyá Ẹja

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Ìyálájé kú. Ìyálájé kì í ṣe èèyàn o, ẹja ni. Abo àrọ̀ ni, kílò méje, tí mo tọ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko nínú tánkì lẹ́yìn ilé mi ní Adó-Èkìtì. Èmi náà wà lára àwọn tó pa á, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí.

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, òun náà sì ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń jókòó síwájú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, tí mò ń kọ kóòdù fún àwọn èèyàn tí n kò fojú rí rí. Ẹja sísìn ló ń jẹ́ kí n rántí pé mo ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, a ti gún Ìyálájé ní abẹ́rẹ́ tí í mú ẹyin gbó láti alẹ́ Fúráìdé, a sì ti fún ẹyin rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Iṣẹ́ lọ dáadáa. Ó yẹ kó padà sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ àlejò ti dé. Ọ̀kan ní òun fẹ́ gbé e ya fọ́tò. Ó ki ìka bọ ihò etí ẹja náà, ó gbé e sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo mú fóònù. Ẹnì kejì gbà á, ẹnì kẹta náà gbà á. Ẹja ju ìrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó já bọ́ sórí kọnkéré, gbì! A rẹ́rìn-ín. A tún gbé e kọ́ síkéèlì, etí yẹn náà la tún fi kọ́ ọ, nítorí a fẹ́ mọ iye kílò tí a máa kọ sábẹ́ fọ́tò. Ìgbà tó tẹ́ wa lọ́rùn la jù ú sínú tánkì, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ. Gbogbo wa ní, "Ẹ ò rí i? Àrọ̀ ni, kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo rí nǹkan funfun bí òwú ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti fi ara nu kọnkéré. Kò jẹun mọ́. Ẹ ti mọ ìyókù.

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí. "Àrọ̀ ni, kò sí nǹkan tó ń ṣe é." Ibi gbogbo tí wọ́n ti ń sin ẹja ní Èkìtì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kó burú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, tó fi lè gba afẹ́fẹ́ bí tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú ike lọ́jà látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí omi rẹ̀ ò ju bíńtín lọ, tí á sì tún máa fi ìrù gbá oníbàárà. Ẹja mìíràn ti kú tipẹ́. Àmọ́ ta ló sọ fún wa pé ẹni tó ń mí kò lè fara pa? Èèyàn tí mọ́tò gbá náà ń mí nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ wo ara àrọ̀ dáadáa. Kò ní ìpẹ́. Ẹja onípẹ́ ní aṣọ méjì, ìpẹ́ àti omi yíyọ̀ tó bò ó. Omi yíyọ̀ yẹn nìkan ni aṣọ tí àrọ̀ ní. Ọwọ́ gbígbẹ ń nù ún kúrò. Táwẹ̀lì gbígbẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọnkéré sì ni baba gbogbo wọn. Ibi tí aṣọ yẹn bá ti ya ni àrùn ń gbà wọlé, ọjọ́ mélòó kan sì ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí ojú tó rí i. Ìgbà yẹn, ẹni tó ya fọ́tò ti gbàgbé pé òun tiẹ̀ gbé ẹja.

Ti etí ńkọ́? Inú ihò yẹn ni nǹkan pupa tó fi ń mí wà, ó pupa nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì bò ó. A wá ki ìka mẹ́rin bọ ibẹ̀, a fi ẹrù kílò méje kọ́ ìka náà. Nínú omi, omi ló ń gbé ẹja ńlá. Eegun rẹ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní ìwúwo ara. Tí a bá gbé e dúró gbọọrọ, gbogbo ìfun àti ilé ẹyin rẹ̀ ló máa wọ́ lọ sísàlẹ̀. Ẹja kékeré lè fara dà á. Bí ẹja bá ṣe ń tóbi sí i ni ìyà náà ṣe ń pọ̀ sí i, àmọ́ ńlá gan-an la máa ń fẹ́ gbé sókè.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é kò le. Kí a má fún un lóúnjẹ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kó jẹ́ àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Fóòmù tí a ti rẹ sómi ni kó sùn lé, kì í ṣe tábìlì, kì í sì í ṣe ilẹ̀. Ọwọ́ tútù méjì, ọ̀kan lábẹ́ àyà, ọ̀kan nítòsí ìrù, kó dùbúlẹ̀ gbalaja bó ṣe ń wà nínú omi. Aṣọ tútù lójú rẹ̀. Ẹja tí kò rí nǹkan kì í jà púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ o, ó ti gún èmi rí, ọwọ́ mi wú bí búrẹ́dì. Tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé ike olómi sórí síkéèlì, ẹ ka iye rẹ̀, ẹ gbé ẹja sínú rẹ̀, ẹ tún kà á. Ìyọkúrò ni, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe é. Tó bá sì ti tó àkókò, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sínú omi, ẹ má jù ú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹja ni, oúnjẹ ni, ìwọ náà kì í jẹ point and kill ni?" Mò ń jẹ ẹ́ gan-an ni, pẹ̀lú ata tó pọ̀. Ẹja tó bá ń lọ sínú ìkòkò, ẹ pa á kíá, kò sí ìjà láàárín wa. Ẹja tí àwa fúnra wa sọ pé a kò ní pa ni mò ń sọ. Giráàmù kan ẹyin àrọ̀ máa ń ní nǹkan bí 600 sí 700 ẹyin nínú. Tí ìyá ẹja bá fún wa ní 700 giráàmù, ẹyin tó lé ní 400,000 nìyẹn, ogún ọ̀kẹ́ ní ìṣirò àwọn bàbá wa. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń pa o, kì í sì í ṣe gbogbo èyí tó pa ló ń yè. Síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ìyá kan náà tún máa ṣe é. Akọ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: a kì í lè fún àtọ̀ rẹ̀ jáde bí a ṣe ń fún ẹyin, pípa la sábà máa ń pa á ká tó rí i yọ. Nínú tọkọtaya náà, ìyá nìkan ló ń padà sílé. Tí ìyá ńlá bá ti kú, ohun tó kù ni pé ká fi abo tí kò dàgbà rọ́pò rẹ̀, ká sì wá máa bínú pé ọmọ ẹja tí à ń rà lásìkò yìí kì í tóbi.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kóòdù pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan database tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n ṣe backup. Ìyá ẹja kò ní backup. Èmi tí mò ń kọ́ wọn náà ni mo di fóònù mú lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn mìíràn á ní ìwà òyìnbó ni, pé ta ló ń mú ẹja tó tún ń kẹ́ ẹ bí ọmọ ìkókó. Àwọn òyìnbó náà kò fi bí wọn. Lọ́dún 1932, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, George Perry mú ẹja bass kan tó tó kílò mẹ́wàá, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì parí títí dòní. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó gbé e lọ sílé, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ọdún 1972 ni Ray Scott ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn tó ń bá a díje pé kí wọ́n dá ẹja padà láàyè. Kódà lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ẹja tó lúwẹ̀ẹ́ lọ lójú gbogbo ayé lè kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe gbé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé mi gan-an nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Texas, láti ọdún 1986, apẹja tó bá mú bass tó wúwo tó kílò mẹ́fà tó dín díẹ̀ lè yá ìjọba ìpínlẹ̀ náà lò, kí wọ́n fi bímọ, kí wọ́n sì dá a padà sínú omi. Kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn sí Ìyálájé?

Tí ẹ bá sì kórìíra àpẹẹrẹ òyìnbó, ẹ jẹ́ ká lọ sí Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Ẹja tó bá tóbi jù ló ń gba ẹ̀bùn níbẹ̀, pípa ni wọ́n sì ń pa á. Síbẹ̀ wọ́n máa ń ti odò Matan Fada pa fún apẹja títí ọjọ́ ọdún á fi pé, kí ẹja lè dàgbà. Ẹni tó fẹ́ràn ẹja ńlá mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kó di ńlá ná.

Àwa náà kúkú ní tiwa. Níbi ìsọmọlórúkọ, a máa ń gbé ẹja wá, a ń wúre pé orí lẹja fi ń la ibú. Orí ẹja la ń fi ṣàdúrà fún ọmọ tuntun, etí tó wà lára orí yẹn la wá fi ń gbé e kọ́ sáfẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja létí omi Ureje níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ero ní Ìkùn-Èkìtì lópin ọ̀sẹ̀. N kò ní kí ẹ má gbé ẹja lọ fún ìyàwó yín. Àmọ́ tí ẹ bá mú abo ńlá tí ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin, tí àánú rẹ̀ sì ṣe yín, ẹ jẹ́ kí àánú náà pé. Tí ìwọ̀ bá ti wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ gé okùn, ẹ má fà á. Ẹ má wọ́ ọ gun orí iyanrìn. Ẹ yọ ọ́ nínú omi níbẹ̀, kí ó lọ. Tí ẹ bá ti gbọn ọ́n, tí ẹ ti là á mọ́lẹ̀, tí ẹ ti fi etí gbé e ya fọ́tò mẹ́fà, ẹ kúkú máa gbé e lọ sílé, ẹ fi se ọbẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín pé ẹ pa á àti pé ẹ rán an lọ kú níbi tí ẹ kò ní rí i. Bí ìyàtọ̀ bá tiẹ̀ wà, ti ìkòkò sàn, ẹnì kan á jẹ ẹ́.

Mo ní ìyá ẹja mìíràn báyìí. Ó ti ń lọ sí kílò márùn-ún, n kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ní oṣù tó kọjá a fún ẹyin rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan sì dé bá wa lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ bọ́ aago àti òrùka, kó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi. Ó ní ṣé iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ ṣe ni. Mo ní rárá, ẹja ni mo fẹ́ gbé fún un. Ó wò mí títí, ó ki fóònù bọ àpò, ó bá mi di aṣọ tútù mú lójú ẹja náà títí a fi tẹ̀ ẹ́ padà sómi. Kò sí fọ́tò kankan tí mo lè fi hàn yín.